Ẹ Má Tíì Ra Kíbọ́ọ̀dù Mìíràn: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Ba Gìtá àti Lúùpù Yín Jẹ́

Ó ń dùn mí gan-an bí àwọn èèyàn ṣe ń náwó sórí ohun tí kì í ṣe ìṣòro wọn. Ẹnìkan á ní òun fẹ́ ta workstation òun (kíbọ́ọ̀dù tó ń gba ohùn, tó sì ń to orin) torí pé gìtá kì í dún dáadáa nínú rẹ̀. Ẹlòmíràn á ní lúùpù, ìyẹn ègé ohùn tó ń yí léraléra, tí òun gé kì í bá ìlù rìn, kí n bá òun wá èyí tó dára ju ti ọwọ́ òun lọ. Tí mo bá ti ní kí wọ́n fi ihò tí wọ́n ki wáyà bọ̀ hàn mí, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ẹ̀rọ kò ṣẹ̀ wọ́n rárá.

Mo gbà pé ẹ ti mọ bí ẹ ṣe ń dé ojú ewé Sampling, níbi tí ẹ̀rọ ti ń gba ohùn wọlé, lórí ẹ̀rọ tiyín, mo sì gbà pé ẹ mọ gìtá í ta. Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ́ kà sílẹ̀.

1. Kíki gìtá tààrà sínú ihò LINE

Èyí ni olórí wọn. Pickup (ohun tó ń gba ìró okùn) gìtá tí kò lo bátìrì kò lágbára: okùn bàbà tín-ín-rín tí wọ́n wé yí mágínẹ́ẹ̀tì ká ni. Ihò tí wọ́n ṣe fún gìtá máa ń ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 1 ọ́ọ̀mù (ìwọ̀n bí ihò ṣe ń dènà iná tó) kí ó má baà fa agbára pickup náà tán. Ihò LINE lẹ́yìn kíbọ́ọ̀dù kì í sábà ju 10,000 sí 50,000 ọ́ọ̀mù lọ. Míkísà tàbí kíbọ́ọ̀dù mìíràn ni wọ́n ṣe é fún. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀.

Ẹ wo bí owó ṣe ń jò lẹ́yìn náà. Ohùn òkè gìtá á kú, gbogbo rẹ̀ á lọ sílẹ̀. Ẹni náà á yí GAIN (bọ́tìnnì tó ń pọ̀ sí agbára ohùn tó ń wọlé) sókè, ariwo ṣàà á wọlé. Á fi EQ gbé ohùn òkè padà, ṣàà náà á tún pọ̀ sí i. Á pààrọ̀ okùn gìtá. Á pààrọ̀ pickup. Níkẹyìn, á pààrọ̀ gìtá fúnra rẹ̀. Mo mọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti dé orí gìtá kejì kó tó pè mí. Mo tú wáyà rẹ̀, mo fi pẹ́dà túùnà tó ní buffer (ohun tí kì í jẹ́ kí ihò fa agbára gìtá tán) sáàárín gìtá àti kíbọ́ọ̀dù, mo ní kó ta kọ́ọ̀dù kan ṣoṣo. Ó ta á, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó tún un ta, ó wá rọra jókòó. Gìtá àkọ́kọ́ tó ti tà fún ẹlòmíràn kò ní àìsàn kankan.

Tí ẹ bá rí ihò tí wọ́n kọ Hi-Z sí lára, ibẹ̀ ni ti gìtá. Tí kò bá sí, ẹ wá DI box (àpótí kékeré tó ń bá gìtá wọ ihò makirofóònù), kí ẹ sì gbé bọ́tìnnì ẹ̀yìn ẹ̀rọ sí MIC, torí pé ohùn tó ń jáde nínú DI kéré bíi ti makirofóònù. Tàbí kí ẹ lo pẹ́dà tó ní buffer. Ọ̀pọ̀ pẹ́dà Boss ló ní in, kódà tí ẹ kò bá tẹ̀ wọ́n, bí iná bá ṣáà ti wà nínú wọn. Ẹ kíyè sí i o: pẹ́dà tí wọ́n ń pè ní true bypass kò ràn yín lọ́wọ́ tí ẹ bá pa á, wáyà lásán ló dà nígbà yẹn. Gìtá tó ń lo bátìrì 9V kò ní wàhálà yìí.

2. Fífa wáyà láti ẹnu ibi tí ánpílífáyà ti ń bọ́ spíkà wá sínú kíbọ́ọ̀dù

Ẹ má ṣe é láéláé. Ó lè jó ihò náà.

3. Gbígba gìtá kan ṣoṣo ní stereo

Gìtá kan, wáyà kan, ohùn kan. Kí ni ẹ fẹ́ fi ẹ̀gbẹ́ kejì ṣe? Ní 44,100 Hz àti 16-bit, mono (ẹ̀gbẹ́ kan) ń jẹ nǹkan bíi MB 5 ní ìṣẹ́jú kan, stereo ń jẹ ìlọ́po méjì rẹ̀. Korg Triton tó jáde ní 1999 ní MB 16 péré kí ẹ tó fi mẹ́mórì kún un. Ìṣẹ́jú kan àbọ̀ ni ìyẹn ní stereo, ìṣẹ́jú mẹ́ta sì wà níbẹ̀ ní mono fún ẹni tó bá fẹ́ẹ́ lò ó. Wọ́n á kún un pẹ̀lú òfìfo, wọ́n á wá máa wá mẹ́mórì rà kiri.

4. Jíjẹ́ kí iná pupa tàn

Ohùn tó bá ti kọjá òkè nínú ẹ̀rọ dígítà ti ya, kò sí ohun tó lè rán an mọ́. Ẹ ta gìtá bí ẹ ṣe máa ta á níbi tó le jù nínú orin, kí òkè ohùn dúró láàárín -12 dB sí -6 dB. Ẹ má fi títa pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wọn GAIN, kí ẹ wá ta á kíkankíkan nígbà tí ẹ bá tẹ RECORD.

5. Fífi etí gé lúùpù

Èyí gan-an ló ń mú kí n kọ̀wé. Ẹni náà á gba gìtá, á máa yí ibi òpin lúùpù títí á fi dà bíi pé ó bá a mu, á fi ìlù sí i, á tẹ START. Ìgbà àkọ́kọ́ dára, ìgbà kejì dára. Tó bá máa fi di ìgbà kẹjọ, gìtá ti ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ lẹ́yìn ìlù. Kí ni wọ́n á sọ? Pé kílọ́ọ̀kù ẹ̀rọ náà kò dúró, pé ẹ̀rọ ti gbó, pé kí àwọn ra tuntun.

Ìṣirò ni, kì í ṣe etí. Ẹ pín 60 pẹ̀lú tẹ́ńpò (iye bíìtì nínú ìṣẹ́jú kan), ẹ máa rí gígùn bíìtì kan. Ẹ fi iye bíìtì tó wà nínú lúùpù sọ ọ́ di púpọ̀. Tẹ́ńpò 96: 60 pín sí 96 jẹ́ 0.625. Bar 4 tó ní bíìtì 4-4 jẹ́ bíìtì 16, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá 10 géérégé. Ẹ̀rọ ń ka 44,100 sample (ìwọ̀n ohùn kéékèèké) ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, nítorí náà láti ibi ìbẹ̀rẹ̀ lúùpù yín dé òpin rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 441,000. Ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sórí ìwé kí ẹ tó fọwọ́ kan gìtá. Tí lúùpù bá fi ìṣẹ́jú àáyá 0.02 péré gùn jù, etí ọ̀pọ̀ èèyàn kò ní tètè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn yíyí mẹ́jọ, ó ti di 0.16. Ní tẹ́ńpò 96, ìdá mẹ́rin bíìtì kan jẹ́ 0.156. Gìtá yín ti kọjá sí àyè mìíràn pátápátá nínú ìlù, kílọ́ọ̀kù kò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ẹ fi etí wá ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn tọ́, ibẹ̀ ni etí wúlò. Òpin ni kí ẹ fi nọ́ńbà gbé kalẹ̀. Tí ó bá ń dún "tá" níbi tí òpin ti pàdé ìbẹ̀rẹ̀, ìlà ohùn kò sí ní òdo níbẹ̀ ni. Ẹ má sún òpin nìkan! Ẹ sún ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin papọ̀ ní iye kan náà títí "tá" náà á fi lọ, kí gígùn rẹ̀ lè dúró sí 441,000. Ẹ̀rọ tó bá ní crossfade (tó ń rọra pa ìparí pọ̀ mọ́ ìbẹ̀rẹ̀) á bá yín parí ìyókù.

Ohun kan tún wà tí mi ò lè fojú fò dá. Ẹni náà á ta bar mẹ́rin, á fọwọ́ bo okùn, á gé e. Nígbà tó bá ń yí, gbogbo ìró tó yẹ kó máa kú lọ láti kọ́ọ̀dù ìkẹyìn á kàn pòórá, bí ìgbà tí ẹnìkan bá pa iná lójijì nínú yàrá. Á wá fi reverb (ìró bí ti inú gbọ̀ngàn ńlá) bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí gìtá gidi: ìró kọ́ọ̀dù tó kọjá ṣì máa ń wà lábẹ́ èyí tó ń bọ̀. Nítorí náà, ẹ ta bar mẹ́rin náà ní ìgbà mẹ́ta láìdúró, láìfọwọ́ bo okùn, kí ẹ sì gé ti àárín. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ á ti gbé ìró ìgbà àkọ́kọ́ dání, òpin rẹ̀ á sì wọ inú ìbẹ̀rẹ̀ yẹn láìsí ihò. Ọ̀rọ̀ kò ju báyìí lọ, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀.

Ó kù bí ẹ ṣe ń pè é nínú sequencer, apá ẹ̀rọ tó ń to nóòtì orin. Àwọn kan máa ń tẹ nóòtì kan gígùn ní bar 1, kí lúùpù máa yí títí orin á fi parí. Tí wọ́n bá wá bẹ̀rẹ̀ orin láti àárín, gìtá á dákẹ́, torí pé nóòtì tó pè é ti kọjá lọ. Wọ́n á tún ní ẹ̀rọ ń ṣe ségesège. Ẹ tún nóòtì náà tẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ bar mẹ́rin-mẹ́rin. Kódà tí ìṣirò yín bá fi díẹ̀ ṣìnà, àṣìṣe náà kò ní ráyè kó jọ.

Yíyí tẹ́ńpò padà lẹ́yìn tí gìtá ti wọlé náà ńkọ́? Lúùpù kò ní tẹ̀ lé e. Quantize (títún àkókò nóòtì tò) kò kan ohùn tí ẹ ti gbà, nóòtì nìkan ló kàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbígbé lúùpù lọ sórí kọ́kọ́rọ́ mìíràn torí pé olórin ní kí ẹ gbé kí (key) orin sókè: nínú sample lásán, ìyẹn ohùn tí ẹ gbà, ìdajì ohùn kan sókè ń sọ ìṣẹ́jú àáyá 10 di nǹkan bíi 9.44, ọ́kítéfù kan sókè sì ń sọ ọ́ di 5. Slice (gígé lúùpù sí ègé-ègé) wà lóòótọ́, ó sì dára fún títa kéékèèké tí ẹ fọwọ́ mú okùn. Fún kọ́ọ̀dù tó ń fà lọ, á ya á sí wẹ́wẹ́. Ẹ fẹnu kò lórí key àti tẹ́ńpò kí ẹ tó gba ohunkóhun.

Ẹ gba gìtá láìsí reverb àti delay nínú rẹ̀. Ẹ fi wọ́n sí i lẹ́yìn náà, torí ohun tó bá ti wọ inú rẹ̀ kò ní jáde mọ́. Distortion àti wah yàtọ̀ díẹ̀, torí pé ọwọ́ ń tẹ̀ lé wọn bí a ṣe ń ta. Tí ẹ̀rọ yín bá gbà kí ẹ máa gbọ́ effect nígbà tí ohùn gbẹ ń wọlé, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ túùnù kí ẹ tó gba ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní ìbámu pẹ̀lú Master Tune (ìwọ̀n túùnù gbogbo ẹ̀rọ) yín, àgàgà tí okùn bá jẹ́ tuntun.

Ariwo rùùù tó ń tọ pickup single coil lẹ́yìn, láti ọ̀dọ̀ iná mànàmáná ni, 50 Hz tàbí 60 Hz. Ẹ kúrò nítòsí adapter, ẹ yí ara yín díẹ̀díẹ̀, ẹ máa gbọ́ ibi tó ti ń rọlẹ̀.

Lúùpù tó ń lọ sókè sódò láìnídìí: velocity ni. Ó ń tẹ̀ lé bí ìka ṣe le tó lórí kọ́kọ́rọ́. Ẹ sọ gbogbo nóòtì tó ń pè é di iye kan, bíi 100, kí ẹ sì wo fílítà inú program náà bóyá ó ṣí tán.

Ìpamọ́ ló kù, ibẹ̀ ni mo ti rí omijé. Lórí Yamaha Motif XS àti ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìgbà rẹ̀, inú mẹ́mórì tó ń ṣófo bí iná bá ti kúrò ni sample ń wà. Fífi orin nìkan pamọ́ kò fi ohùn gìtá pamọ́ mọ́ ọn: nóòtì á padà wá, ohùn tí wọ́n ń pè kò ní sí níbẹ̀. Ojúgbà mi kan gba gìtá orin mẹ́fà fún eré kan, ó fi Song pamọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì pa ẹ̀rọ lọ sùn. Lọ́jọ́ kejì, nóòtì wà lójú ẹ̀rọ bí wọ́n ṣe tò ó, kò sì sí ìró kankan. Onígìtá tó ta á ti rìnrìn àjò. Àwọn ẹ̀rọ tó jáde lẹ́yìn náà, bíi Motif XF ti 2010, gbà kí ẹ fi páálí flash kún un tí kì í ṣófo, ṣùgbọ́n inú RAM (mẹ́mórì tó ń ṣófo yẹn) ni ohùn ṣì máa wà bí ẹ kò bá gbé e lọ síbẹ̀.

Ẹ lo irú ìpamọ́ tó ń kó gbogbo rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní All, sórí fíláàṣì USB. Lẹ́yìn náà, kí onígìtá tó ká wáyà rẹ̀, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ tún un tàn, ẹ pe fáìlì náà padà, ẹ gbọ́ ọ láti bar 1 dé ìparí.