Mo Sanwó Gíríìpù, Gíríìpù Ń Yí: Bí Mo Ṣe Fi Ọwọ́ Ara Mi Tún Àwọn Ọ̀pá Gọ́ọ̀fù Mi Ṣe

Owó tí oníṣọ́ọ̀bù kan ní Èkó gbà lọ́wọ́ mi láti pààrọ̀ gíríìpù, ìyẹn rọ́bà tí a fi ń di ọ̀pá mú, lára àwọn ọ̀pá gọ́ọ̀fù mi ni ó kọ́kọ́ dùn mí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó fi owó náà ṣe ni ó mú kí n jókòó kọ èyí. Iye tí ó kà sí owó iṣẹ́ lórí gíríìpù kọ̀ọ̀kan ju iye tí wọ́n ń ta gíríìpù fúnra rẹ̀ lọ. Mo ní kí ó bá mi dín in kù, ó ní òun kò lè dín kọ́bọ̀, pé òkè òkun ni gbogbo ohun èlò iṣẹ́ náà ti ń wá, àti pé dọ́là ti gbówó lórí. Mo san án, mo sì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé gbogbo ọ̀pá náà ń dán nígbà tí ó kó wọn lé mi lọ́wọ́.

Kò pẹ́ rárá tí bọ́ọ̀lù mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í ya sí apá ọ̀tún. Ẹni tí ó bá ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá gọ́ọ̀fù yóò mọ ohun tí mo ń sọ: bọ́ọ̀lù yóò gbéra dáadáa láti orí tíì (igi kékeré tí a ń gbé bọ́ọ̀lù lé), yóò kọjú sí àárín pápá, lẹ́yìn náà ni yóò tẹ̀ lọ sí ọ̀tún, yóò sì wọgbó lọ. Gbogbo ẹni tí a jọ ń gbá a ni ó ní ìmọ̀ràn. Ọ̀kan ní ẹsẹ̀ mi kò dúró dáadáa, òmíràn ní mo ń fi èjìká fa ọ̀pá, ẹ̀kẹta ní àgbà ló dé. Mo lọ sanwó fún olùkọ́, ó sì fi odidi àárọ̀ kọ́ mi bí ó ṣe yẹ kí n fi ọwọ́ òsì di ọ̀pá mú. Owó ti jáde lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, síbẹ̀ bọ́ọ̀lù kò yé wọgbó.

Kádì mi, ọmọkùnrin tí ń bá mi gbé àpò ọ̀pá, ni ó rí i. A wà ní pápá Oníreké ní Ìbàdàn, mo ti mú dúráífà, ọ̀pá tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù lọ jìnnà, mo sì ti gbé e sẹ́yìn bọ́ọ̀lù, nígbà tí ọmọkùnrin náà sún mọ́ mi, tí ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tíì gbá a. Àmì orí gíríìpù yín kò sí níbi tí ó wà tẹ́lẹ̀ mọ́." Mo fi ọwọ́ òsì di ara ọ̀pá mú, mo fi ọ̀tún lọ́ gíríìpù, ó sì yí gbirigbiri bí ìdérí ìgò. Ohun tí mo ti ń wá ní ẹsẹ̀ àti ní èjìká, ibẹ̀ ni ó wà. Bí gíríìpù bá fi díẹ̀ yí nígbà tí ọ̀pá ń bọ̀ wálẹ̀, ojú ọ̀pá, ibi tí ń gbá bọ́ọ̀lù, yóò ti ṣí sílẹ̀ sí apá ọ̀tún kí ó tó kan bọ́ọ̀lù, kò sì sí ẹ̀kọ́ ìdúró tí ó lè tún ìyẹn ṣe. Òfin 4.1a nínú ìwé òfin gọ́ọ̀fù gba ènìyàn láàyè láti tún ọ̀pá tí ó bàjẹ́ ṣe nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́, bí kò bá ṣáà ti dá eré dúró ju bí ó ti yẹ lọ, ṣùgbọ́n ta ni yóò rí téèpù àti tọ́pẹntáìnì láàárín pápá? Mo ki dúráífà bọ àpò, àwọn áyọ́ọ̀nù, ìyẹn àwọn ọ̀pá olórí irin, ni mo sì fi parí eré ọjọ́ náà pẹ̀lú ìbínú.

Nígbà tí mo délé, mo fi abẹ la gíríìpù náà láti ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀ títí dé òpin rẹ̀ lókè. Ó yẹ kí téèpù olójú méjì, èyí tí gọ́ọ̀mù wà ní ojú rẹ̀ méjèèjì, bo gbogbo ibi tí gíríìpù yóò jókòó sí lára ọ̀pá, nítorí òun ni ó ń di rọ́bà mọ́ ọ̀pá kí ó má baà yí. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni ègé téèpù kékeré kan ní òkè, tí gígùn rẹ̀ kò ju ìka àárín mi lọ. Gbogbo ìyókù gbẹ fúrúfúrú. Èyí tí ó wá burú jù ni pé lábẹ́ ègé téèpù náà ni téèpù ti àtijọ́ wà, tí ó ti dúdú, tí ó ti ká jọ, tí kò sì sí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án. Téèpù tí mo sanwó pé kí wọ́n ha kúrò kí wọ́n tó lẹ òmíràn, wọ́n ti gbé e pamọ́ sábẹ́ rọ́bà tuntun níbi tí ojú mi kò lè dé.

Mo la òmíràn, mo sì tún la òmíràn. Inú ẹnu gíríìpù ni wọ́n máa ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí. M60R túmọ̀ sí gíríìpù ọkùnrin tí ihò rẹ̀ fẹ̀ tó 0.600 íńṣì, tí ara rẹ̀ sì rí róbótó láìní ìlà tí ó yọ gọngọ. Àwọn kan nínú tèmi jẹ́ 60, àwọn kan jẹ́ 58 (0.580 íńṣì), bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìdí ọ̀pá mi, ìyẹn òkè ibi tí gíríìpù ń bò, jẹ́ 0.600. Bí a bá fa gíríìpù 58 wọ ọ̀pá 0.600, yóò nà, yóò sì nípọn díẹ̀ lọ́wọ́ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Àlàfo yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ọwọ́ mọ̀ ọ́n. Mo ti ń ṣe kàyéfì tẹ́lẹ̀ nípa ìdí tí áyọ́ọ̀nù keje fi rọ̀ mí lọ́wọ́ tí ìkẹjọ kò sì rọ̀ mí, àṣé ohun tí ó ṣẹ́ kù sórí pẹpẹ ni ọkùnrin náà ṣà pọ̀ tí ó fi dí àpò mi.

Mo pe oníṣọ́ọ̀bù náà lórí fóònù. Ó ní bóyá oòrùn ni, tàbí òógùn ọwọ́ mi. Òótọ́ ni pé oòrùn máa ń mú rọ́bà le, pàápàá bí a bá ń fi àpò gọ́ọ̀fù sílẹ̀ nínú búùtù ọkọ̀, òótọ́ sì ni pé òógùn àti òrí tí a ń fi pa ara nígbà ọyẹ́ máa ń mú ojú gíríìpù yọ̀. Ọṣẹ àti omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni a fi ń fọ ìyẹn kúrò. Ṣùgbọ́n òógùn kì í jẹ téèpù tí a kò lẹ̀. Nígbà tí ó ní kí n kó wọn padà wá, kí n sì san ìdajì owó iṣẹ́, mo sọ fún un pé ó tó, pé èmi fúnra mi ni n ó ṣe é.

Gígé gíríìpù àtijọ́ kúrò kò nílò àlàyé púpọ̀. Ẹ gé e síwájú, kì í ṣe sí ọ̀dọ̀ ara yín. Bí ọ̀pá bá jẹ́ gíráfáítì, tí kì í ṣe irin, ẹ lo abẹ tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ sínú, nítorí pé abẹ títọ́ lè ha ara rẹ̀, ọ̀pá gíráfáítì tí a bá ti ha lè dá nígbà tí a bá fi í gbá bọ́ọ̀lù.

Téèpù àtijọ́ ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di aláìsàn. Ó ti pẹ́ lára ọ̀pá débi pé bébà rẹ̀ ń ṣí ní wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù rẹ̀ dúró digbí. Èékánná kò ràn án. Ọ̀bẹ lè ha á kúrò lára irin, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ fi ọ̀bẹ kan gíráfáítì. Ẹnì kan ní kí n lo kẹrosíìnì. Kẹrosíìnì mú gọ́ọ̀mù rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó fi òróró sílẹ̀, téèpù tuntun kì í sì lẹ̀ mọ́ ibi tí òróró bá wà. Ẹlòmíràn ní pẹtiróòlù. Ìyàwó mi ń dáná lọ́wọ́ nígbà náà, kò jẹ́ kí n gbé ike náà wọnú ọgbà, ó sì jàre. Tínà tí àwọn akunkọ̀ ń lò ń kó gọ́ọ̀mù, ó ń kó ọ̀dà ara gíráfáítì pẹ̀lú. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí mo fi dán ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá kan wò ni ó ti fi hàn mí.

Ooru ni ó kù. Mo gba díráyà tí ìyàwó mi fi ń gbẹ irun, mo rọra gbé e sí ooru tí kò pọ̀, mo sì ń fẹ́ ẹ sí téèpù náà. Ó ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí inú mi fi dùn: gọ́ọ̀mù rọ̀, mo fi èékánná gbé etí téèpù, ó sì bọ́ ní odidi láti òkè délẹ̀. Ọ̀pá kan mọ́, èkejì mọ́, lẹ́yìn náà ni iná lọ. Kí n tó dé ìdí jẹnẹrétọ̀, gọ́ọ̀mù ti tún le padà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ní kò sì gbé díráyà. Bí mo bá ti tan án ni ẹ̀rọ náà ń pariwo tí ó sì ń kú. Mo jókòó sínú òkùnkùn pẹ̀lú àwọn ọ̀pá tí ìdajì ara wọn mọ́, tí ìdajì sì ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, mo sì ń ronú kan ẹni tí ó ti gbowó iṣẹ́ yìí tí ó sì ń sùn ní ilé rẹ̀. Iná kò dé títí ilẹ̀ fi mọ́, kò sì dé ní ọjọ́ kejì.

Oòrùn ọ̀sán ni ó gbà mí. Mo to àwọn ọ̀pá sórí kọnkéré ẹ̀yìnkùlé, mo jẹ́ kí ìdí wọn nìkan wà nínú oòrùn kí orí wọn sì wà lábẹ́ òjìji, kí ooru má baà dé ibi tí gọ́ọ̀mù fi di orí mọ́ ọ̀pá. Téèpù dúdú ń mu ooru, oòrùn Ìbàdàn kò sì ṣe é fojú di. Nígbà tí mo padà síbẹ̀, téèpù náà ti rọ̀, kò sí ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti èyí tí díráyà rọ̀. Mo ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń fi aṣọ tí mo rẹ sínú sípírítì nu ìyókù gọ́ọ̀mù, títí gbogbo wọn fi mọ́ tónítóní. Òfin kò gba ju ọ̀pá 14 lọ nínú àpò ẹnì kan, mo sì dúpẹ́ fún òfin náà lọ́jọ́ yẹn. N kò náwó iná, n kò náwó epo, iṣẹ́ náà sì dára ju ti ṣọ́ọ̀bù lọ.

Fífi gíríìpù tuntun wọ̀ ọ́ kò gba àkókò. Mo lẹ téèpù olójú méjì láti ìdí ọ̀pá títí dé ibi tí ẹnu gíríìpù yóò dé, mo jẹ́ kí ó fi díẹ̀ yọ ní òkè, mo sì tẹ èyí tí ó yọ wọ inú ihò ọ̀pá. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí gíríìpù nípọn sí i lè kọ́kọ́ fi ìlọ́po téèpù kan sábẹ́ rẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú 64 íńṣì ni ìlọ́po kan ń fi kún un. Mo fi tíì dí ihò kékeré orí gíríìpù, mo da tọ́pẹntáìnì sínú rẹ̀, mo gbọ̀n ọ́n, mo sì dà á sórí téèpù kí gbogbo rẹ̀ tutù. Lẹ́yìn èyí ni mo ti gíríìpù wọlé lẹ́ẹ̀kan náà láìdúró. Ẹni tí ó ta téèpù fún mi fi dá mi lójú pé sípírítì tó fún èyí pẹ̀lú. Kò tó. Sípírítì yára gbẹ, gíríìpù kìíní há sí àárín ọ̀nà, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn, àfi ìgbà tí mo la gíríìpù tuntun náà dànù. Tọ́pẹntáìnì tí àwọn akunlé ń lò kì í yára gbẹ, ó ń fún ènìyàn láàyè láti yí àmì gíríìpù sí ibi tí ó yẹ kí ó wà kí téèpù tó mú un. Mo fi wọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí n tó fọwọ́ kàn wọ́n.

Nígbà tí mo gbé dúráífà padà sí orí tíì, bọ́ọ̀lù lọ tààrà. N kò sọ pé n kì í gbá a wọgbó mọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá wọgbó nísinsin yìí, mo mọ̀ pé ara mi ni mo ní láti tún ṣe. Mo lọ́ gíríìpù ọ̀pá méjì wò ní àárọ̀, mo tún lọ́ wọn wò lẹ́yìn ihò kejìdínlógún tí ó kẹ́yìn eré, kò sí èyí tí ó mira. Olùkọ́ mi fúnra rẹ̀ di áyọ́ọ̀nù mi mú, ó bi mí pé ṣọ́ọ̀bù wo ni ó ṣe é.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ fi wẹ́ẹ̀jì (ọ̀pá tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù sókè nítòsí ihò) tí ẹ kì í sábà lò bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi pọ́tà (èyí tí a fi ń ti bọ́ọ̀lù sínú ihò) ṣe ìkẹyìn, nítorí pé gíríìpù pọ́tà máa ń ní ẹ̀gbẹ́ pẹrẹsẹ, bí ó bá sì fi díẹ̀ wọ́ lọ́wọ́, ojú pọ́tà náà yóò wọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ ka ohun tí ó wà nínú ẹnu gbogbo gíríìpù kí ẹ tó sanwó, kí wọ́n má baà ṣa 58 pọ̀ mọ́ 60 fún yín. Bí wọ́n bá fẹ́ ta èyí tí wọ́n ti ya ojú ìka ọwọ́ sí fún yín, ẹ má gbà á fún eré, òfin kò fàyè gba gíríìpù tí wọ́n ṣe ní àwòṣe ọwọ́. Ẹ yan ọjọ́ tí oòrùn mú, kí ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé iná. Ẹ̀yin tí ẹ kò sì ní àkókò, tí ẹ máa gbé e fún oníṣẹ́, ẹ dúró tì í. Ẹ jẹ́ kí ó fi ara ọ̀pá tí ó mọ́ hàn yín, kí ó lẹ téèpù lójú yín láti òkè dé ẹnu gíríìpù, kí ó tó ti rọ́bà bò ó. Bí ó bá ní kí ẹ lọ kí ẹ padà wá ní ìrọ̀lẹ́, ẹ gba àwọn ọ̀pá yín lọ́wọ́ rẹ̀.