Bí mo ṣe gbé máàpù gọ́tà àdúgbò wa sórí sáfà

Máàpù kan ṣoṣo ló wà ládùúgbò wa ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ẹ̀dà rẹ̀ tí mo kà tó mọ́kànlá. Ọ̀kan wà lórí laptop mi, ọ̀kan wà nínú fláàṣì Bàbá Akọ̀wé, àwọn yòókù ń káàkiri lórí WhatsApp, kò sì sí méjì tó bára mu. Ẹni tó bá fi gọ́tà tuntun kún tirẹ̀ kì í sọ fún ẹnì kejì. Nígbà tí àwọn tó fẹ́ kó gọ́tà dé, ẹ̀dà èṣí ni wọ́n mú dání, wọ́n ń wá afárá kékeré kan tí àgbàrá ti gbé lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò.

Odò Ọ̀nà kò jìnnà sí wa. Ẹni tó bá wà ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 mọ ohun tí omi lè fojú ẹni rí. Ìkún omi Ògùnpa ọdún 1980 ni àwọn àgbà sì fi ń wọ̀n gbogbo òjò títí dòní. Nítorí náà, nígbà tí alága ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ kọ̀ǹpútà, ẹ bá wa wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ máàpù yìí," mi ò rí ẹnu sọ pé mi ò ráyè.

Ohun tí mo ń wá ni kí máàpù náà wà lójú kan bíi kànga, kí kálukú máa wá pọn níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé kànga lọ sílé. Mo yá sáfà kékeré kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń wà ní títàn tọ̀sán-tòru kí àwọn yòókù lè máa gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì; Jámánì ló wà, mẹ́mórì rẹ̀ sì jẹ́ 4 GB. Laptop àtijọ́ kan wà nílé tí mo kọ́kọ́ fẹ́ lò, àmọ́ iná tiwa kì í ṣe iná tí èèyàn ń gbára lé. PostGIS, tó ń jẹ́ kí PostgreSQL tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ lè tọ́jú máàpù náà, ni mo fi ṣe àká tí mo kó gbogbo àkọsílẹ̀ sí. GeoServer ló dúró lẹ́nu àká, tó ń bù fún ẹni tó bá béèrè. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Kí n tó ṣe ohunkóhun, mo pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù, nítorí "admin" àti "geoserver" ni wọ́n fi ń ṣí GeoServer tuntun, olè náà sì mọ̀ ọ́n.

Ọ̀nà méjì ni GeoServer fi ń bu máàpù fúnni. Tó bá jẹ́ WMS, fóònù á béèrè ibi kan, sáfà á yà á, á fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́, ó parí. WFS ní tirẹ̀ ń gbé àkọsílẹ̀ gan-an fún ọ, pẹ̀lú gbogbo ohun tí a bá kọ sí i lára.

Ìrọ̀lẹ́ kan péré ni mo fi gbé gbogbo ẹ̀rọ yìí kalẹ̀. Orúkọ ló gba ọ̀sẹ̀ kan gbáko lọ́wọ́ mi.

Shapefile, irú fáìlì kan tí wọ́n ń kó máàpù sí, la ti ń lò látẹ̀yìnwá, àwọn tó sì ṣe shapefile kò ro ti Yorùbá mọ́ ọn rárá. Orúkọ òpó inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju lẹ́tà mẹ́wàá lọ, ni "oruko_kanga" bá di "oruko_kang". Ìyẹn ṣì rọrùn. Nígbà tí mo ṣí i nínú GeoServer, gbogbo "ẹ" ti di "áº¹". Kànga Ìyá Ẹlẹ́kọ, tí ọmọdé jòjòló mọ̀ ládùúgbò, wá dà bí ìgbà tí ológbò rìn kọjá lórí kíbọ́ọ̀dù. Bíi ISO-8859-1, ìlànà lẹ́tà àtijọ́ tí kò ní ẹ àti ọ, ni GeoServer ń ka shapefile, àfi téèyàn bá sọ fún un pé UTF-8, tó ní wọn, ni. Mo sọ fún un. Mo tún wò ó, àpótí kéékèèké ló jókòó síbi tí ẹ àti ọ yẹ kó wà, nítorí fọ́ǹtì orí sáfà, ìyẹn àkójọ àwòrán lẹ́tà, kò ní wọn. Mo gbé Noto Sans sí i, mo pa GeoServer, mo tún un tàn, orúkọ jáde.

Mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Bàbá Akọ̀wé tẹ "Ẹlẹ́kọ" lórí fóònù wọn, wọn ò rí nǹkan kan. Èmi tẹ̀ ẹ́ lórí laptop, ó jáde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ Yorùbá lórí ẹ̀rọ, ẹ wò ó: kò sí "ẹ́" tó jẹ́ odindi lẹ́tà kan nínú Unicode, àkójọ lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ onírúurú èdè. "ẹ" ni, àmì òkè wá tẹ̀ lé e. Kíbọ́ọ̀dù mìíràn sì wà tó jẹ́ "é" ló máa kọ́kọ́ kọ, kó tó wá fi àmì sí i nísàlẹ̀. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. PostgreSQL láti ẹ̀dà 13 ní normalize, tó máa ń to méjèèjì sọ́nà kan. Mo fi í fọ gbogbo orúkọ inú àká, mo sì ní kó máa fọ ohun téèyàn bá tẹ̀ náà kó tó lọ wá a.

Èyí tó kàn, ẹ̀bi mi ni. Inú ìwé àwọn awọnlẹ̀ àtijọ́ ni nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí kànga mélòó kan wà ti wá. Mo tẹ̀ wọ́n wọlé, mo sọ fún ẹ̀rọ pé 32631 ni, ìyẹn ètò WGS 84 tí GPS ń lò. Kànga bá kúrò lẹ́yìnkùlé, ó bọ́ sáàárín títì. Àṣé ètò Minna, tí Nàìjíríà ti ń lò tipẹ́, ni wọ́n fi wọ̀n wọ́n, nọ́ńbà tirẹ̀ sì ni 26331. Níbi tiwa, àṣìṣe yẹn nìkan tó láti sún nǹkan ju 100 mítà lọ. Nínú PostGIS, àṣẹ ST_SetSRID ni mo fi sọ ètò tí wọ́n ti wá gan-an, lẹ́yìn náà ni mo wá fi ST_Transform gbé wọn lọ sínú ètò tí mo fẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́, ST_SetSRID nìkan ni mo lò, mo kàn pààrọ̀ orúkọ tí mo ń pe irọ́ ni.

Lọ́jọ́ ìpàdé, ìyá kan tí wọ́n ní ilé méjì fìka kan ilé wọn lórí fóònù, nọ́ńbà fóònù wọn sì yọ gbàgà. Wọ́n yíjú sí mi.

"Ṣé gbogbo ayé ló ń rí èyí?"

"Ẹ má bínú, mà."

Gbogbo ayé ló ń rí i lóòótọ́. Odindi tábìlì àwọn onílé ni mo gbé síta, pẹ̀lú orúkọ àti fóònù tí a gbà nítorí owó oṣooṣù. Ojú tì mí gidi. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ṣe view kan, ìyẹn fèrèsé tó ń fi díẹ̀ hàn lára tábìlì, tí kò ní ju ojúlé àti irú ilé lọ, òun nìkan ni mo jẹ́ kí GeoServer rí. Mo tún yí WFS sí Basic, kí àlejò lè kà, kí ó má lè kọ.

Ojúewé tí wọ́n ń ṣí báyìí, Leaflet, irinṣẹ́ tó ń gbé máàpù sórí ojúewé, ni mo fi ṣe é. OpenStreetMap, máàpù ọ̀fẹ́ ti gbogbo ayé, wà nísàlẹ̀, gọ́tà wa wà lórí rẹ̀: búlúù ni èyí tó ń ṣàn, pupa ni èyí tó ti dí. Nípàdé tó kọjá, ẹnì kan ní gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ti dí pa. Mo ṣí QGIS, ètò tí mo fi ń tún máàpù ṣe, lórí ìjókòó, mo yí i padà nínú àká, mo ní kí Bàbá Akọ̀wé tún ojúewé wọn ṣí.

"Ó ti pupa!" Wọ́n gbé fóònù náà káàkiri gbọ̀ngàn, wọ́n fi han olúkúlùkù. Nígbà tí wọ́n padà jókòó, wọ́n rọra fà mí mọ́ra, wọ́n ní kí n bá àwọn tẹ ọ̀kan sórí pépà, èyí tó tóbi dáadáa, káwọn lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀.