Bí ẹ ṣe lè fi mọ́tò rìn yíká àwọn mùsíọ́mù kéékèèké: Ifẹ̀, Òṣogbo, Ẹ̀sìẹ́

Nínú mùsíọ́mù ńlá, èèyàn lè wọlé kó sì jáde láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ti mùsíọ́mù kékeré yàtọ̀. Àlàyé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri lè má ju ìlà méjì lọ; ẹnu òṣìṣẹ́ tó ń mú àlejò yíká ni ìtàn wà. Ohun tó yẹ kí ẹ fi ṣe ètò ìrìn-àjò yín nìyẹn: kí ẹ bá ẹni tó mọ ìtàn náà nílé, kí òun náà sì ráyè sọ ọ́.

Ọ̀nà tí a fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ gba ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kìíní, ẹ gbéra ní Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀, kí ẹ sùn síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ kọjá sí Òṣogbo. Kò ju nǹkan bíi kìlómítà 50 lọ. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ gba Ìkìrun àti Ọ̀fà lọ sí Ẹ̀sìẹ́ ní ìpínlẹ̀ Kwara, nítòsí Òmù-Àrán. Ẹ má ṣe kó mùsíọ́mù méjì sínú ọjọ́ kan. Ẹni tó bá kó wọn pọ̀ yóò dé èyí kejì nígbà tí òṣìṣẹ́ ti ń wo aago, wọ́n á sì sáré mú un yíká láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́bọ̀ ló dára jù. Lópin ọ̀sẹ̀, ilẹ̀kùn lè ṣí, ṣùgbọ́n ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yàrá kejì wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè má wá. Ẹ sá fún Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, nítorí pé àwọn ìpínlẹ̀ kan máa ń fi òwúrọ̀ rẹ̀ ṣe ìmọ́tótó àyíká, ọkọ̀ kì í sì í rìn títí wọn yóò fi parí. Ẹ má gbára lé àkókò tí Google Maps kọ. Ẹ pe ibẹ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kí ẹ sì béèrè nǹkan mẹ́ta: ta ni yóò mú wa yíká, ṣé ilé ìwé kankan ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, ṣé ayẹyẹ tàbí orò kankan wà nílùú? Ìbéèrè kẹta yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Tí ìlú bá kéde orò, obìnrin kò gbọdọ̀ jáde, ètò gbogbo yín sì bàjẹ́ nìyẹn. Bákan náà, lóṣù kẹjọ tí wọ́n ń ṣe ọdún Òṣun, èrò á kún Òṣogbo débi pé ẹ kò ní ráyè wo ohunkóhun dáadáa. Ọdún náà tó í lọ wò, àmọ́ ẹ wá ọ̀sẹ̀ mìíràn fún mùsíọ́mù.

Ẹ mú owó ṣẹ́ńjì dání. Owó ìwọlé kì í pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ POS lè má ṣiṣẹ́, wọn kì í sì í sábà ní ṣẹ́ńjì fún owó ńlá. Ẹ béèrè bóyá owó fọ́tò yàtọ̀, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Tí ẹ bá fẹ́ ta ẹni tó mú yín yíká lọ́rẹ, lẹ́yìn tí ó bá parí ni, lọ́tọ̀ sí owó ìwọlé. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú, nítorí iná lè lọ nígbàkígbà. Tọ́ọ̀ṣì yìí ní iṣẹ́ mìíràn: tí wọ́n bá gbà yín láàyè, ẹ má tàn án kojú ère gan-an, ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ náà gba ẹ̀gbẹ́ ojú kọjá. Àwọn ìlà tíntìntín tí àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ fà láti iwájú orí dé àgbọ̀n yóò yọ kedere. Ìmọ́lẹ̀ tó bá wá láti iwájú á pa wọ́n rẹ́. Ẹ pa fíláàṣì kámẹ́rà, pàápàá níbi aṣọ, nítorí ìmọ́lẹ̀ líle máa ń jẹ́ kí àwọ̀ ṣá.

Mùsíọ́mù Ifẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin Ọọ̀ni ní Ẹnuwà, nítorí náà ẹ múra bí ẹni tó ń lọ sí ààfin, kí ẹ sì kí àwọn àgbà tí ẹ bá bá lójú ọ̀nà kí ẹ tó béèrè ohunkóhun. Nínú ilé, ìbéèrè tó lérè jù níwájú ohun kọ̀ọ̀kan ni: “Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ojúlówó nìyí àbí àdàkọ?” Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ Ifẹ̀ ni kò sí nílé. Ọ̀kan nínú àwọn orí idẹ tí wọ́n hú ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé, wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ti orí Olókun tí Leo Frobenius ará Jámánì rí ní 1910, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn bóyá èyí tó wà ní Nàìjíríà ni gidi tàbí àdàkọ. Òṣìṣẹ́ tó nífẹ̀ẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ yóò dùn sí ìbéèrè yìí, yóò sì jáde kúrò nínú ohun tó ti há sórí. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti rí ohun náà, kí ẹ lọ wo ibẹ̀ fúnra yín. Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, òkúta tó ga ju mítà 5 lọ, kò jìnnà.

Tí wọ́n bá ní ẹ kò lè rí yàrá kan, ẹ má bínú. Àwọn olè jí orí ère kó ní mùsíọ́mù Ifẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1990, ìdí sì nìyí tí wọ́n fi ń ṣọ́ra.

Ní Òṣogbo, ẹ fi wákàtí kan wo mùsíọ́mù, kí ẹ fi ìyókù ọjọ́ sí Igbó Òṣun. Hẹ́kítà 75 ni, UNESCO sì fi sínú àkójọ ogún àgbáyé ní 2005. Ẹ wọ bàtà tó di ẹsẹ̀ mú, ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń yọ̀ lẹ́yìn òjò.

Ẹ̀sìẹ́ ni a fẹ́ kí ẹ fi àkókò sí jù. Ibẹ̀ ni mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, wọ́n ṣí i ní 1945 láti dáàbò bo ère òkúta tó ju 1000 lọ. Òkúta rírọ̀ tí irin lè gbẹ́ ni, orí ọ̀pọ̀ wọn sì ti kán. Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ wo irun wọn, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn, àpótí tí wọ́n jókòó lé. Ìtàn ìlú sọ pé àlejò ni wọ́n kí wọ́n tó di òkúta. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń mú yín yíká sọ ìtàn náà tán kí ẹ tó bi í léèrè ohun tí àwọn awalẹ̀pìtàn sọ.

Ẹni tó bá ti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà wálé kò gbọdọ̀ ra “ère àtijọ́” lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òfin 1979 kà á léèwọ̀ láti kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde láìgba ìwé àṣẹ, wọ́n sì lè gba ère tuntun pàápàá lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfuurufú tí kò bá ní ìwé. Ọ́fíìsì mùsíọ́mù ìjọba àpapọ̀ ni ẹ ti máa béèrè ìwé náà, kì í ṣe lọ́jọ́ tí ẹ ń wọ bàálù.

Ẹ rọ epo kún táǹkì kí ẹ tó kúrò ní Òṣogbo. Ẹ yẹ táyà àpọ̀jù àti jáàkì wò, kí ìwé mọ́tò sì wà níbi tí ọwọ́ lè tètè dé nítorí ọlọ́pàá ojú ọ̀nà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ ní gáréèjì Òṣogbo lówùúrọ̀ ọjọ́ náà bí ọ̀nà Kwara ṣe rí. Tí wọ́n bá ní kò dára, ẹ sún un síwájú. Tí ẹ bá sì lọ, ẹ kúrò ní Ẹ̀sìẹ́ kó tó di aago mẹ́ta ọ̀sán, kí ilẹ̀ má ṣú bá yín lójú ọ̀nà.