Bí mo ṣe yan òkúta àkọ́pọ́n olówó pọ́ọ́kú fún abẹ onígbàjámọ̀

Abẹ tó ń ká wọ inú èèkù ni mo fẹ́ pọ́n. Ẹnu rẹ̀ gùn tó sẹ̀ńtímítà 7, ó sì ti kú débi pé kò gé irun apá mọ́. Fífà á lórí awọ kò lè ràn án lọ́wọ́, nítorí awọ kì í dá ẹnu abẹ, èyí tó ti mú tẹ́lẹ̀ ló máa ń dán. Òkúta ṣákiṣàki àkọ́kọ́ ló ń dá ojú ìpọ́n, ìyẹn ilà tín-ín-rín tó ń dán lẹ́bàá ẹnu abẹ lọ́tùn-ún lósì. Bí ilà méjèèjì kò bá pàdé láti ìdí abẹ títí dé orí rẹ̀, òkúta jọ̀lọ̀ kankan kò lè tún un ṣe lẹ́yìn ìgbà náà.

Ní ìsọ̀ àwọn onírinṣẹ́ ní Ìdúmọ̀tà, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ nà sí mi ni òkúta dúdú olójú méjì tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ń lò. Ó dára fún àdá, kò dára fún abẹ. Hóró rẹ̀ tóbi, ipa tó ń fà sára irin sì máa ń jìn gan-an, kò sì sí nọ́ńbà tó ń sọ bí hóró ṣe kéré tó lára rẹ̀ (bí nọ́ńbà bá ṣe ga sí i ni hóró ń kéré sí i). Páànù dáyámọ́ǹdì olówó kékeré náà ní àléébù tirẹ̀: hóró díẹ̀ máa ń ga ju àwọn yòókù lọ, àwọn yẹn ló ń ha ẹnu abẹ. Nọ́ńbà 1000 ni mo ń wá. Ohun tó bá kéré sí i, bíi 400, àfi tí ẹnu abẹ bá ti ya ní eyín.

Mo mú rúlà onírin dání. Mo ń gbé e lé òkúta lóòró, níbùú àti láti igun dé igun, mo sì ń wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ lábẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni òkúta ti jìn. Èyí ṣe pàtàkì ju orúkọ ilé iṣẹ́ lọ, nítorí abẹ kò rí bí ọ̀bẹ: ẹ̀yìn rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀ jọ ń sùn lórí òkúta ni, ẹ̀yìn yẹn ló sì ń dá igun ìpọ́n. Bí àárín òkúta bá jìn, ìdí àti orí abẹ nìkan ni yóò kàn án, àárín ẹnu yóò kú síbẹ̀.

Òkúta olómi, ìyẹn èyí tí wọ́n ń fi omi lò, wà tó jẹ́ 1000 tó sì tẹ́jú, àmọ́ owó rẹ̀ ju ohun tí mo fẹ́ ná sórí abẹ kan ṣoṣo. Bí mo bá ní abẹ mẹ́wàá láti pọ́n, òun ni mo máa rà, nítorí sanpépà tí mo wá lò dípò rẹ̀ máa ń tètè pá. Mo yà sí Mushin lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ọ̀dà mọ́tò, mo ra sanpépà dúdú tí wọ́n ń fi omi lò, P1000 kan, P1500 kan. Ẹ wo lẹ́tà P yẹn dáadáa, ìwọ̀n Yúróòpù ló ń tọ́ka sí. Hóró P1000 tó nǹkan bí ìdá 18 nínú 1,000 mìlímítà kan, ti P1500 kò ju bí 12 tàbí 13 lọ. Ìwọ̀n Japan ni wọ́n fi ń ka òkúta olómi, hóró 1000 rẹ̀ sì sún mọ́ P1500 ju P1000 lọ. Ìdí tí mo fi ra méjèèjì nìyẹn.

Abala kan jẹ́ sẹ̀ńtímítà 23 sí 28, mo gé e sọ́nà mẹ́ta. Onígíláàsì gé ègé gíláàsì tábìlì fún mi, mìlímítà 10 ní nínípọn, sẹ̀ńtímítà 30 sí 8 ní fífẹ̀, ó sì ha etí rẹ̀. Gíláàsì lúfà tín-ín-rín jù, ó máa ń tẹ̀ lábẹ́ ọwọ́. Mo rọ omi sórí gíláàsì, mo tẹ́ bébà lé e, mo fi ọwọ́ lé gbogbo afẹ́fẹ́ jáde. Bí afẹ́fẹ́ bá kù lábẹ́ rẹ̀, ẹnu abẹ yóò gé bébà sí méjì.

Mo lẹ tépù iná kan mọ́ ẹ̀yìn abẹ kí ó má baà jẹ, mo sì fi máákà kun ojú ìpọ́n. Mo ti abẹ lọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹnu ṣáájú, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ lé bébà, mo fà á padà ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Dúdú ṣì wà létí ẹnu gan-an: bébà kò tíì dé ibẹ̀. Mo ń bá a lọ ní ogún-ogún. Mi ò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, nítorí irin abẹ fẹ́lẹ́, bí ọwọ́ bá wúwo, ó máa ń tẹ̀, ẹnu rẹ̀ á sì kúrò lórí bébà. Nígbà tí máákà tán, mo bọ́ sórí P1500, mo lò ó títí ipa jíjìn P1000 fi pa rẹ́.

Mo gbé ẹnu rẹ̀ sókè síbi iná. Ibi tó bá ń tàn yòò bí òwú fàdákà ṣì kú, mo sì padà sí ibẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, mo gbé abẹ lé èèpo tòmátì láìtẹ̀ ẹ́. Nígbà tó wọlé láti ìdí títí dé orí láìyọ̀, mo bọ́ tépù, mo nù ún gbẹ, mo fi epo máṣíìnì ìránṣọ pa á kí ọ̀rinrin etí ọ̀sà má baà dípẹtà sí i, kó tó di pé mo lẹ tépù tuntun fún òkúta 3000.