Ẹ má tíì pe ẹni tó máa borí: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń wo kickboxing

Nígbà tí àwọn oníjà méjì, Israel Adesanya àti Alex Pereira ọmọ Brazil, fẹ́ pàdé ní New York ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìṣirò kan ló gba ẹnu àwọn èèyàn: Pereira ti nà án lẹ́ẹ̀mejì, yóò tún nà án ni. Ó sì nà án lóòótọ́, ni àwọn tó ṣe ìṣirò yẹn bá ń fọ́nnu kiri pé kò sí ẹni tó mọ ìjà tó àwọn. Bẹ́ẹ̀ ráúǹdù mẹ́rin ti kọjá, tí àwọn adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi Adesanya ṣíwájú pẹ̀lú 39 sí 37, kí Pereira tó ká a mọ́ ẹ̀gbẹ́ wáyà ní ráúǹdù karùn-ún. Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 2023 ní Miami, wọ́n tún gbé ìṣirò kan náà jáde. Ráúǹdù kejì ni Adesanya fi ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún tẹ́ Pereira sílẹ̀ gbalaja.

Ìjà méjì àkọ́kọ́ tí wọ́n ń tọ́ka sí, èyí tó wáyé ní Ṣáínà lọ́dún 2016 àti èyí tó wáyé ní São Paulo lọ́dún 2017, kickboxing ni, ìjà ẹ̀ṣẹ́ àti ìpá. Ti New York àti ti Miami, MMA ni, ìjà àdàlù tó gba ẹ̀ṣẹ́, ìpá àti ìjàkadì. Ráúǹdù MMA jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún, ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kéré, wọ́n sì lè gbé ara wọn ṣánlẹ̀. Ráúǹdù kickboxing jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta, ìbọ̀wọ́ rẹ̀ tóbi, kò sì sí ìjàkadì nílẹ̀. Àwọn méjì kan náà ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n wá ṣe yàtọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ti àná sọ ti ọ̀la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ bóyá òfin àná ni wọ́n máa fi jà lọ́la.

Ẹ má sọ̀rọ̀ kí ẹ tó mọ òfin

Èyí ni mo kà sí àṣìṣe tó burú jù, nítorí kickboxing fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ń ṣètò ìjà ló ní òfin tirẹ̀. A kì í lo ìgbọ̀nwọ́ nínú kickboxing tí a mọ̀ lónìí, bẹ́ẹ̀ sì ni wọn kì í jẹ́ kí èèyàn rọ̀ mọ́ ọrùn ẹnìkejì pẹ́. Nínú Muay Thai ti àwọn ará Táílàńdì, méjèèjì ni wọ́n gbà, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn kan ti di ọ̀gá.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Singapore ní oṣù karùn-ún ọdún 2019. Petchmorakot, ọmọ Táílàńdì, bá Giorgio Petrosyan ti Ítálì jà lábẹ́ òfin kickboxing nínú ìdíje ONE, ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣètò ìjà. Àwọn adájọ́ kò fẹnu kò, ṣùgbọ́n Petchmorakot ni wọ́n pè ní olúborí. Kò pẹ́ tí ONE fi fagi lé èsì náà, wọ́n ní ó rọ̀ mọ́ni ju bí òfin ṣe gbà lọ. Wọ́n tún ìjà náà jà ní oṣù keje, Petrosyan sì borí láìsí àríyànjiyàn. Ẹni tó sọ pé Petchmorakot ló máa borí kò ṣi agbára rẹ̀ mọ̀, òfin ni kò kà.

Ẹ tún bèèrè iye ráúǹdù. Ìjà lásán sábà máa ń jẹ́ mẹ́ta, ìjà bẹ́líìtì a sì jẹ́ márùn-ún. Ráúǹdù mẹ́ta kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án lọ. Ẹni tó máa ń pẹ́ kí ara rẹ̀ tó gbóná, tó bá pàdánù ráúǹdù kìíní, ó di dandan kó jẹ méjèèjì tó kù. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó ń borí nínú ìjà ráúǹdù márùn-ún lè di ẹni tí wọ́n ń lù nínú ti mẹ́ta, kí a sì máa sọ pé ó ti darúgbó.

Ẹ má fi “Lágbájá na Tàmẹ̀dò” ṣe ìṣirò

A mọ̀ ọ́n sọ: Lágbájá na Tàmẹ̀dò, Tàmẹ̀dò na ẹni yìí, nítorí náà Lágbájá máa na ẹni yìí. Nínú K-1, ìdíje kickboxing ti Japan, ní ìgbà tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀, Ernesto Hoost na Mirko Cro Cop nínú àṣekágbá ọdún 1999. Cro Cop na Bob Sapp ní ráúǹdù kìíní lọ́dún 2003. Bob Sapp, ọkùnrin gìrìwò tó wúwo ju 150 kílò lọ, na Hoost lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún 2002. Ta ló wá ju ta lọ? Kò sí ìdáhùn, nítorí oníjà kọ̀ọ̀kan ló ní irú ẹni tó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Hoost mọ bí a ṣe ń ta ìpá sí itan ẹni títí ẹsẹ̀ á fi kọ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n yẹn ń fẹ́ àyè, Sapp kò sì fún un láyè kankan. Ó kàn ń rọ́ lù ú bọ̀ ni.

Nítorí náà, dípò iye ìjà tí ẹnì kan ti jẹ, ẹ wo irú ẹni tó ti jẹ: ṣé ọlọ́wọ́ òsì ni, ṣé ó ga, ṣé ẹni tó ń lọ síwájú láìdúró ni, ṣé ìpá ló ń fi jà jù ni tàbí ẹ̀ṣẹ́? Ẹ wò ó bóyá ẹni tó fẹ́ bá jà báyìí jọ ọ̀kankan nínú wọn.

Ìdíje alẹ́ kan: ibi tí wòlíì máa ń kú sí

Nínú K-1 àtijọ́, èèyàn mẹ́jọ ló ń wọ ojú ìjà, ẹni tó bá máa gba ife gbọ́dọ̀ ja ìjà mẹ́ta lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Àwọn tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ máa ń wá ẹni tó lágbára jù nínú mẹ́jọ. Ìbéèrè yẹn kò tó.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2002, ní Tokyo, Sapp tún na Hoost ní ìpele àkọ́kọ́. Ìgbà kejì tí mo sọ lókè nìyẹn. Àmọ́ ọwọ́ tó fi nà án ṣe é léṣe, kò lè tẹ̀ síwájú. Wọ́n ní kí Hoost tí wọ́n ti nà padà wọlé. Ó na Ray Sefo, ó na Jérôme Le Banner nínú àṣekágbá, níbi tí ìpá Hoost ti ba apá Le Banner jẹ́, ó sì gba ife náà lẹ́ẹ̀kẹrin. Ẹni tó sọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn pé “Sapp á na Hoost” tọ̀nà. Ẹni tó sọ pé “Hoost ló máa gba ife” náà tọ̀nà. Kò sì sí ẹni tó lè fi ọgbọ́n mọ méjèèjì pọ̀.

Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo o. Lọ́dún 2001, Ray Sefo ti na Mark Hunt nínú ìdíje tó ń yan àwọn tí yóò lọ sí àṣekágbá. Ojú Sefo wú, kò lè tẹ̀ síwájú, Hunt rọ́pò rẹ̀, Hunt kan náà ló sì gba ife ọdún náà. Lọ́dún 1993 tí K-1 kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, Branko Cikatić, ọmọ Croatia, ẹni ọdún 38, ló gba ife, ó sì gbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó bá jà ṣubú. Nínú irú ìdíje yìí, ẹ bi ara yín pé ta ni kò ní pẹ́ ní ìjà àkọ́kọ́, ta ni ojúgun rẹ̀ kò ní fọ́, ta ni bí wọ́n ṣe to ìdíje mú kó bá ẹni tó rọrùn pàdé. Agbára wá lẹ́yìn.

Ẹ má ka èsì láìka bó ṣe ṣẹlẹ̀

Bí ẹ bá wo ìwé èsì Rico Verhoeven àti Badr Hari, àwọn oníjà kickboxing méjì, ẹ ó rí i pé Verhoeven jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì: ní Oberhausen, Jámánì, lọ́dún 2016, ní ráúǹdù kejì, àti ní Arnhem, Netherlands, lọ́dún 2019, ní ráúǹdù kẹta. Ó dà bíi pé ó lù ú bolẹ̀ ni. Àmọ́ ní ti àkọ́kọ́, apá Hari ló farapa. Ní ti kejì, Hari ti gbé Verhoeven ṣubú kí òun fúnra rẹ̀ tó yí ta ìpá kan tó ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ léṣe. Mo ṣì gbà pé Verhoeven dára jù ú lọ lápapọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n fi ti Arnhem jẹ́rìí, mi ò ní jẹ́.

“Wọ́n rẹ́ ọmọ wa jẹ!”

Ìlú Èkó ni wọ́n bí Adesanya sí, nítorí náà a kì í fi ojú tútù wo ìjà rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, ní Los Angeles, ó bá Jason Wilnis du bẹ́líìtì GLORY, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣètò kickboxing, gbogbo adájọ́ sì gbé e fún Wilnis. Títí di òní, àwọn kan ń sọ pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí a ṣáà máa fi máàkì jiyàn, kí a yé fi ìlú tí wọ́n ti bí ni jiyàn.

Ẹni tó jẹ ráúǹdù ń gba 10, ẹnìkejì ń gba 9. Bí wọ́n bá gbé ẹnì kan ṣubú, tirẹ̀ sábà máa ń já sí 8. Ká ní ẹnì kan gbé ẹnìkejì ṣubú ní ráúǹdù kìíní, tí ẹnìkejì wá jẹ méjì tó kù. Àròpọ̀ jẹ́ 28 sí 28. Ọ̀mì ni! Òǹwòran tó rí bí ọkùnrin kan ṣe nà sílẹ̀ á máa lérí pé ìjà ti parí, ẹni tó ń kọ máàkì mọ̀ pé kò parí. Nínú K-1 ńkọ́, ọ̀mì lè mú kí wọ́n fi ráúǹdù kan kún un, báyìí náà sì ni Hunt ṣe na Francisco Filho nínú àṣekágbá 2001. Ìdáhùn sí ariwo yìí rọrùn: ẹ kọ máàkì yín sílẹ̀ lẹ́yìn ráúǹdù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó gbọ́ ti adájọ́, kí ẹ sì pa ohùn àwọn tó ń ṣàlàyé ìjà.

Àwọn kéékèèké

Ìwọ̀n ara: kílò tí wọ́n kà fún yín lọ́jọ́ ìwọ̀n kì í ṣe kílò tí wọ́n máa fi jà, torí wọ́n máa ń mu omi padà. Nígbà tí Tenshin Nasukawa bá Takeru, ọmọ Japan bíi tirẹ̀, jà ní Tokyo Dome ní oṣù kẹfà ọdún 2022, 58 kílò ni ìwọ̀n ọjọ́ tó ṣíwájú, wọ́n sì fòfin dè é pé lọ́jọ́ ìjà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ju 62 lọ. Ìjà púpọ̀ kò ní irú òfin kejì yẹn.

Ẹ̀rù orúkọ: Petrosyan ti gba mílíọ̀nù kan dọ́là nínú ìdíje ONE ti 2019, ọ̀pọ̀ ò sì rò pé Superbon, ọmọ Táílàńdì, lè ṣe é ní nǹkan kan. Ní oṣù kẹwàá 2021, ogún ìṣẹ́jú-àáyá sínú ráúǹdù kejì, ìpá kan bà á lórí, ó parí.

Tẹ́tẹ́: ẹ má fi owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ ta á. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí tó kù kò kan àsọtẹ́lẹ̀, ìwà ni. Tokyo fi wákàtí mẹ́jọ ṣíwájú Èkó, nítorí náà ìjà alẹ́ wọn bọ́ sí ọ̀sán wa, nígbà tí ọ̀pọ̀ wà níbi iṣẹ́, ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí níbi òde. Wọ́n fẹ́ dé ilé kí wọ́n wò ó. Ẹ má fi orúkọ ẹni tó borí sí ìlà àkọ́kọ́ nínú gúrúùpù WhatsApp, ẹ má sì fi àwòrán ẹni tó dùbúlẹ̀ ṣe status yín kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ kọ ọ́ pé “mo ti wo ìjà náà o, ta ló ti wò ó?”, ẹni tó bá ti wò ó á wá bá yín ní kọ̀rọ̀.