Orin (Pákò), Ewé àti Omi Iyọ̀: Ìtọ́jú Àrùn Ẹnu láti Inú Oko, àti Ibi tí Agbára Wọn Mọ

Erìgì máa ń wú, ó sì máa ń ṣẹ̀jẹ̀ nígbà tí a bá ń fọ ẹnu, nítorí pé kòkòrò àìfojúrí ti kún inú ìdọ̀tí yíyọ̀ tó lẹ̀ mọ́ ìdí eyín. Orin ata, pákò Ìjẹ̀bú, orin ìdí àti ẹ̀ka ewúro wúlò níbẹ̀, nítorí pé fọ́nrán wọn ń gbo ìdọ̀tí náà kúrò, oje wọn sì ń dí kòkòrò lọ́wọ́ láti pọ̀ sí i. Ẹ gé èyí tó tutù, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ orí rẹ̀ títí yóò fi rí bí búrọ́ọ̀ṣì, kí ẹ wá máa fà á láti ìdí erìgì wá sí orí eyín, níwájú àti lẹ́yìn, torí ẹ̀yìn eyín ni ọ̀pọ̀ wa máa ń gbàgbé. Ẹ má fi agbára gún erìgì. Lálẹ́, ẹ lo ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride, èyí tó ń mú eyín le.

Bí erìgì bá ń dùn yín, ẹ se ẹ̀kúnwọ́ ewé gúáfà, ẹ sẹ́ omi rẹ̀, kí ẹ fi yọ ẹnu nígbà tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ sì tu ú dànù. Ìdajì ṣíbí tíì kékeré iyọ̀ nínú ife omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ kan tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kànáfùrù ń mú kí ìrora eyín rọlẹ̀ fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò wo eyín tó ti jẹrà, òróró rẹ̀ tí a kò pò mọ́ nǹkan mìíràn sì lè jó erìgì.

Gbòǹgbò igi orin ata ni wọ́n sábà máa ń hú fún orin, èyí sì ń pa igi náà. Ewúro ló yẹ kí àgbẹ̀ gbìn: ẹ rì igi rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, yóò hù, ẹ ó sì tún rí ewé fi sebẹ̀. Ẹ má gé orin níbi tí wọ́n ti fọ́n oògùn apakoríko.

Ẹ má fi omi bátìrì tàbí ẹ̀tù sí eyín tó ń dunni. Jíjó ni wọ́n ń jó ẹran ẹnu. Ẹ má fi òróró dóńgóyárò tàbí oje lápálápá sẹ́nu ọmọ ọwọ́, ì báà jẹ́ nítorí èfù (ohun funfun tó máa ń bo ahọ́n àti inú ẹnu), torí oògùn kíkán wà fún èfù ní ilé ìwòsàn. Àgbàlagbà tí èfù rẹ̀ kò lọ ní láti ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀ ṣúgà àti HIV.

Ewé àti orin kò lè dé ibi tí ọyún gbá jọ sí lábẹ́ eyín. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú, tí ara gbóná, tí ẹnu kò ṣeé là tàbí tí itọ́ kò ṣeé gbé mì, ilé ìwòsàn ló kàn. Ẹ ṣọ́ra jù fún ọmọ tó rù, tàbí tí èéyi ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀, tí erìgì rẹ̀ wá di egbò tó ń rùn. Ó lè jẹ́ noma, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kún àwọn àrùn tí a pa tì ní December 2023. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó lè jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ, ṣùgbọ́n oògùn apakòkòrò àti oúnjẹ aṣaralóore ń dá a dúró bí wọ́n bá tètè gbé ọmọ náà lọ.