Bí A Ṣe Ń Fi Megger Mọ̀ Bóyá Kọ́ìlì Jẹnẹrétọ̀ Ti Ń Gbó

Kọ́ìlì jẹnẹrétọ̀ kì í ṣàdédé jóná. Fánìṣì àti bébà tó bò ó, tí kì í jẹ́ kí iná kan irin, ló kọ́kọ́ ń gbó. Ooru ló ń bà á jẹ́ jù. Eruku, ọ̀rinrin àti gbígbọ̀n ẹ̀ńjìnnì ń kún un lọ́wọ́. Megger, ẹ̀rọ ìwọ̀n tó ń fi iná tó lágbára dán ìbòrí yìí wò, la fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Jẹnẹrétọ̀ 415 V, irú tó wà ní ilé búrẹ́dì àti ilé ìwòsàn kéékèèké, ni mo ń sọ. Kí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ iná má dán an wò.

Ẹ pa á, kí ẹ yọ orí bátìrì, kí ẹnikẹ́ni má baà sítáàtì rẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ tú kébù tó ń lọ sí ṣéńjíòfà. Ẹ tú gbogbo wáyà AVR (pátákó kékeré tó ń mú kí fóltéèjì jẹnẹrétọ̀ dúró déédéé) pẹ̀lú, torí iná megger lè bà á jẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni wáyà tó so níútírà mọ́ ara ẹ̀rọ: bí ẹ kò bá tú u, megger yóò ka òdo, wọn ó sì ní kí ẹ rìwáyà kọ́ìlì tí nǹkan kan ò ṣe.

Ẹ gbé megger sí 500 V. Ẹ so ẹnu rẹ̀ kan mọ́ irin ara ẹ̀rọ níbi tí kò sí ọ̀dà, èkejì mọ́ orí kọ́ìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ ti so pọ̀. Ẹ kọ megohm tó kà ní ìṣẹ́jú 1, ìyẹn ìwọ̀n bí ìbòrí kọ́ìlì ṣe ń dí iná lọ́nà tó. (Fún àwọn jẹnẹrétọ̀ òmìrán bíi ti ilé iṣẹ́ amúnáwá Egbin, wọ́n a tún kà á ní ìṣẹ́jú 10, wọ́n a sì fi ti àkọ́kọ́ pín in, ó yẹ kó tó 2.) Iná ṣì wà nínú kọ́ìlì o! Ẹ so ó mọ́ ara ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú 5 kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ wọn ooru kọ́ìlì náà. Bó bá fi 10°C gbóná sí i, megohm a já sí ìdajì. 40°C ni a fi ń ṣèdájọ́, 5 megohm ló sì kéré jù. Nítorí náà, 8 megohm ní 30°C kò yege: 4 péré ni ní 40°C. Ẹ gbọn eruku, ẹ fi gílóòbù tó ń tàn yá a gbẹ mọ́jú, kí ẹ tún un wọ̀n.

Ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan kò lè sọ pé ó ti gbó. Nígbà ọyẹ́, kọ́ìlì tó ti sán lè ka nọ́ńbà gíga torí pé ó gbẹ. Àsìkò òjò ló ń tú u fó. Ẹ máa wọ̀n ọ́n lóṣù kan náà lọ́dọọdún, nínú òjò, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá ń já wálẹ̀ lọ́dọọdún lẹ́yìn tí ẹ ti nù ún, tí ẹ sì ti yá a, ẹ ti lè máa bá oníṣẹ́ rìwáyà dúnàádúrà.